Tíìkì gidi tàbí àtọwọ́dá: kí ló yẹ ká tẹ́ sí dẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ ìgbafẹ́?

Atẹ́dẹ́ẹ̀kì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo nílò ìmọ̀ràn yín kí a tó fọwọ́ sí ìwé. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan fẹ́ wọ yáàdì fún àtúnṣe, a ó sì tún dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ilẹ̀ gbangba ọkọ̀, tẹ́ ní ibi mẹ́ta: ọ̀nà ìrìn tó yí ọkọ̀ ká, nǹkan bí 400 m², àyíká adágún ìwẹ̀ lókè pátápátá, 250 m², àti àwọn báńkóònì yàrá èrò. Tíìkì ló wà ní méjì àkọ́kọ́. Ó ti tín-ín-rín, rọ́bà dúdú àárín pákó sì ti ń ṣí. Àwọn kan ní ká fi tíìkì rọ́pò tíìkì, àwọn mìíràn ní ká lọ fún àtọwọ́dá, ìyẹn ohun oníke tí wọ́n ṣe bí igi, pátápátá. Èwo ló yẹ níbo, kí sì ni ó sábà máa ń bà wọ́n jẹ́?

Pákó Gbígbẹ
Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn kò jọra, ẹ má fi ohun kan ṣoṣo tẹ́ wọn. Èmi ó fi tíìkì sí ọ̀nà ìrìn bí ìwé igi náà bá pé, polyurethane (àtọwọ́dá tó ń ṣàn bí omi kó tó dì) tí a dà sójú ibẹ̀ sí àyíká adágún, àtọwọ́dá tó ní ìwé ẹ̀rí iná sí báńkóònì.

Ẹsẹ̀ oníbàtà ló ń gba ọ̀nà ìrìn kọjá, àwọn ọkọ̀ ìgbàlà tó so rọ̀ lókè sì sábà máa ń ṣíji bò ó. Tíìkì ń pẹ́ nírú ibẹ̀. Tíìkì gidi ni wọ́n tẹ́ sí dẹ́ẹ̀kì ìrìn ọkọ̀ èrò ńlá Queen Mary 2 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, kì í sì í ṣe tìtorí ẹwà nìkan. Pákó tó bá ti nípọn lè gba sánpépà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó di pé à ń yọ ọ́. Àyíká adágún ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ìpara oòrùn, ọtí, omi adágún tó ní kilorínì àti àga ìnàyìn tí wọ́n ń wọ́ káàkiri ń dà lé e látàárọ̀ dalẹ́, ọṣẹ líle sì ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ lálaalẹ́. Ọṣẹ yẹn ń fọ epo ara igi kúrò, búrọ́ọ̀ṣì ń hó ẹran rẹ̀ tó rọ̀, àwọn ìlà líle á wá yọ sókè bí egungun ìhà. Ibẹ̀ ni tíìkì ti ń tètè gbó jù.

Ẹ tún ṣe ìṣirò ìwúwo. Tíìkì jẹ́ nǹkan bí 650 kg fún mítà kúbíìkì kan. Pákó 20 mm jẹ́ 13 kg lórí m² kan, pákó 50 mm ayé àtijọ́ sì ju 32 kg lọ. Ọkọ̀ tó bá ní 5,000 m² dẹ́ẹ̀kì gbangba yóò gbé tọ́ọ̀nù 65 pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, àti ju tọ́ọ̀nù 160 lọ pẹ̀lú ti èkejì, òkè téńté ni gbogbo rẹ̀ sì wà. Bí ẹrù bá ṣe ga tó ni ọkọ̀ ṣe ń rọrùn láti fì sí ẹ̀gbẹ́ tó. Ìdí nìyẹn tí àwọn ayàwòrán ọkọ̀ fi ń béèrè àtọwọ́dá fún àwọn dẹ́ẹ̀kì òkè ju ti ìsàlẹ̀ lọ.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n ń wọn pákó, wọ́n ń gbàgbé ohun ìtẹ́jú abẹ́ rẹ̀, ìyẹn èyí tí a ń tẹ́ sórí irin kí ojú rẹ̀ lè dọ́gba. Bí ohun ìtẹ́jú bá jẹ́ 1.5 kg fún lítà kan, 10 mm rẹ̀ jẹ́ 15 kg lórí m² kan. Ó ti wúwo ju tíìkì 20 mm tó wà lórí rẹ̀ lọ. Èyí tó fúyẹ́ wà, ẹ béèrè fún un.

Atẹ́dẹ́ẹ̀kì
Ẹ ṣé, ọ̀gá. Kí lẹ ní lọ́kàn pẹ̀lú “bí ìwé igi bá pé”?

Pákó Gbígbẹ
Ibi tí igi ti wá. Tíìkì inú igbó àdáyébá tó dàgbà tó, tí epo rẹ̀ pọ̀, tí kò ní kókó, Myanmar ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Orílẹ̀-èdè yẹn fòfin de kíkó ìtì igi jáde ní 2014. Òfin igi ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní March 2013, ó sì sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tó kọ́kọ́ gbé igi wọ ọjà Yúróòpù fi hàn pé wọn kò gé e lọ́nà ẹ̀rú. Ní 2021, Amẹ́ríkà ní April àti Yúróòpù ní June fi òfin ìjìyà de Myanma Timber Enterprise, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ta igi níbẹ̀. Yáàdì Yúróòpù tó bá gba igi yẹn láìbéèrè ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà.

Tíìkì oko gbíngbìn ló kù, láti Jáfà ní Indonéṣíà, Íńdíà, Gúúsù Amẹ́ríkà àti Áfíríkà. Ó dára bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Igi tí wọ́n gé ní kékeré máa ń ní funfun ẹ̀gbẹ́ igi púpọ̀, funfun yẹn sì ń jẹrà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹ kò fẹ́ funfun igi, ẹ kò fẹ́ kókó tó ṣí, ọ̀rinrin kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ wo orí pákó kọ̀ọ̀kan: kí àwọn ìlà ọjọ́ orí igi dúró ṣánṣán, kí wọ́n má dùbúlẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá yí padà ní ìdá 5, pákó 50 mm tí ìlà rẹ̀ dùbúlẹ̀ máa ń wú tàbí súnkì ní nǹkan bí 0.4 mm. Èyí tí ìlà rẹ̀ dúró kò ju ìdajì ìyẹn lọ. Ìyàtọ̀ yìí ló ń sọ bóyá rọ́bà àárín pákó yóò pẹ́ tàbí kò ní pẹ́.

Irin Abẹ́lẹ̀
Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ yìí dára, ṣùgbọ́n irin abẹ́ ni mo fẹ́ ká dúró lé. Tíìkì ni o, àtọwọ́dá ni o, kì í sábà bẹ̀rẹ̀ ìjà láti òkè. Omi ló ń gba ojú rọ́bà tó ṣí wọlé, yóò jókòó sábẹ́, irin yóò dógùn-ún, ògùn-ún á wú, á sì ti pákó sókè. Ìgbà tí ojú ilẹ̀ bá fi máa hàn, irin ti jẹ jìnnà.

Kí ẹ tó tú pákó àtijọ́, ẹ fi orí òòlù onígi kan án káàkiri, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó bá dún bí ohun tó ṣófo. Níbẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Lẹ́yìn ìtúdà, ẹ fi ẹ̀rọ ultrasonic wọn bí irin ṣe nípọn tó ní gbogbo ibi tí ẹ sàmì sí, kí ẹ sì fi èsì rẹ̀ han olùyẹ̀wò ọkọ̀ kí ohunkóhun tó bò ó. Bí pákó àtijọ́ bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi bóòtù (ìdè onírin) tí wọ́n jó mọ́ irin dè, ẹ gé bóòtù yẹn, ẹ fi gíráńdà rẹ́ ìdí rẹ̀ títí yóò fi bá irin dọ́gba. Ìdí bóòtù tó ṣẹ́kù ní 3 mm yóò gún ilẹ̀ àtọwọ́dá lábẹ́.

Ìmúrasílẹ̀ irin ní ètò tirẹ̀, ẹ má dà á rú:

Ẹ kọ́kọ́ fi omi tí kò níyọ̀ fọ irin. Bí ẹ bá fọ́n yanrìn sí irin tó ṣì níyọ̀ lára, ẹ ó ti iyọ̀ náà wọnú rẹ̀ ni, ọ̀dà yóò sì yọ léròrò lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fọ́n ọn dé ìwọ̀n Sa 2½ ti ISO 8501-1, ìlànà àgbáyé lórí bí irin ṣe gbọ́dọ̀ mọ́ tó kí a tó kùn ún. Ibi tí ẹ kò bá ti lè fọ́n ọn, kí gíráńdà hó o dé irin funfun. Kí irin gbóná ju ibi tí ìrì ti ń sẹ̀ lọ ní ó kéré tán dígíríì 3, kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ má sì ju ìdá 85 lọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ọ̀dà àkọ́kùn epoxy kan irin. Ẹ má jẹ́ kó sùn mọ́jú láìbò.

Èyí tó ń bí mi nínú jù nínú iṣẹ́ yìí nìyí: kí gbogbo iná jíjó, ìyẹn fífi iná jó irin mọ́ irin, parí kí àtè kan tó kan ilẹ̀. Ìdí irin ìdábùú, ìdí àga, ojú ihò omi, àti pàápàá ohun tí wọ́n bá fẹ́ jó mọ́ òrùlé yàrá tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò rí dẹ́ẹ̀kì. Yóò jó ìdè páìpù kékeré kan mọ́ irin, iná yóò gba irin kọjá, àtè òkè yóò gbiná tàbí kó di èédú. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá, ilẹ̀ yóò wú ní ojú ibẹ̀ gẹ́lẹ́, wọ́n á sì ní àtè ni kò dáa. Ẹ yà àwòrán ibi tí kò gbọdọ̀ sí iná jíjó, ẹ fi lé ọ̀gá yáàdì lọ́wọ́, kó fọwọ́ sí i.

Alátè
Ó yá ká sọ ti àtè àti rọ́bà dúdú, torí ibẹ̀ ni tíìkì tuntun ti ń kùnà jù.

Wọn kì í sábà fi ìdè lu tíìkì mọ́, àtè ni wọ́n ń fi lẹ̀ ẹ́. Ihò ìdè jẹ́ ọ̀nà omi, ìdènà orí rẹ̀ sì máa ń fò jáde bí pákó bá ti tín-ín-rín. Ẹ fi ọkọ́ eléyín tẹ́ àtè kó má sí àlàfo, ẹ gbé pákó lé e, kí ẹ sì fi ẹrù tàbí ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dì. Pákó kan tó bá hùn díẹ̀ tí ẹ kò tẹ̀ dáadáa yóò fi kòtò sílẹ̀ lábẹ́. Omi ló máa gbébẹ̀.

Ìṣirò rọ́bà fún ọ̀nà ìrìn yín: pákó 50 mm pẹ̀lú ojú àlàfo 6 mm, m² kan yóò ní nǹkan bí mítà 18 ojú àlàfo. Bí àlàfo bá jìn tó 7 mm, mítà kan ń gba 42 ml, m² kan yóò gba nǹkan bí 756 ml. 400 m² jẹ́ lítà 302. Ẹ fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún èyí tó máa ṣòfò, ó di nǹkan bí 350 lítà. Bí ẹ bá ń lo àpò 600 ml, 580 ni kí ẹ rà. Bí pákó bá fẹ̀ ju 50 mm lọ, ẹ fẹ ojú àlàfo náà.

Ẹ má gbàgbé téèpù ìsàlẹ̀ àlàfo. Rọ́bà gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pákó nìkan, kò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Bó bá lẹ̀ níbi mẹ́ta, kò ní lè nà nígbà tí pákó bá súnkì, yóò ya kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ìlà tín-ín-rín tí ẹ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà lórí dẹ́ẹ̀kì tí kò tí ì pẹ́, ohun tó fà á nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ fi sánpépà ha ẹ̀gbẹ́ pákó, ẹ fa ìyẹ̀fun rẹ̀ kúrò, ẹ kun práímà tí ilé iṣẹ́ rọ́bà náà ní kí ẹ lò, ẹ dúró kó gbẹ bí ìwé rẹ̀ ṣe sọ. Ẹ fún rọ́bà láti ìsàlẹ̀ wá sókè kí afẹ́fẹ́ má há sínú rẹ̀, kó kún kọjá ojú pákó díẹ̀. Ọ̀sán gangan kọ́ ni kí ẹ ṣe é. Bí oòrùn bá ń mú igi gbóná, afẹ́fẹ́ inú igi ń fẹ̀, yóò sì yọ léròrò nínú rọ́bà. Ẹ dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ń tutù lọ, tàbí kí ẹ ta àgọ́ bò ó. Ẹ má fi sípírìtì nu irinṣẹ́ nítòsí rọ́bà polyurethane tí kò tí ì dì: sípírìtì ń dí i lọ́wọ́, yóò máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ títí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí sílíkóònù má wọ ibi iṣẹ́ rárá. Ẹ fún un ní nǹkan bí ọjọ́ méje kí sánpépà tó kàn án.

Olùda Ilẹ̀
Kí n wá sọ ti àyíká adágún. Àtọwọ́dá kì í ṣe ohun kan ṣoṣo, ẹ má jẹ́ kí ontajà pe gbogbo rẹ̀ ní orúkọ kan náà. Èyí tí a ń dà bí omi tó ń dì sójú ibẹ̀ wà, èyí tó jẹ́ PVC, irú oníke kan, tí wọ́n ti fi ooru so pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wà.

Èyí tí a ń dà kò ní ojú ìso tí omi lè gbà, òun ni mo yàn fún adágún. Polyurethane 7 mm ń gba nǹkan bí 9 kg lórí m² kan. 250 m² yín jẹ́ 2,250 kg, ẹ fi ìdá 10 kún un. Apá méjì ló ní, ìwúwo ni wọ́n fi ṣètò bí wọ́n ṣe máa dà pọ̀. Ẹ po odindi garawa pẹ̀lú odindi ẹnìkejì rẹ̀, ẹ má fojú pín in sí méjì. Ibi tí pípò kò bá ti tó yóò rọ̀ bí gọ́ọ̀mù títí láé, kò sí àtúnṣe rẹ̀ ju kí ẹ gé e jáde lọ.

Ọ̀tá rẹ̀ ni omi kó tó dì. Apá tó ní isocyanate, kẹ́míkà tó ń mú un dì, ń bá omi jà, ó ń tú afẹ́fẹ́ carbon dioxide jáde, ilẹ̀ yóò sì hó bí àkàrà nínú epo. Òógùn tó kán láti iwájú orí òṣìṣẹ́ tó láti ṣe é. Nítorí náà, àgọ́, ẹ̀rọ tó ń gbẹ afẹ́fẹ́, ìbọ̀wọ́, àti ìbòmú tó yẹ fún isocyanate, torí ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Bó bá ti dì, ẹ fi ẹ̀rọ sánpépà nọ́ńbà 24 hó o ní ọ̀nà kan náà. Ojú rẹ̀ tí kò dán yẹn ló ń di ẹsẹ̀ mú, ẹ má dán an. Fún ẹsẹ̀ lásán nínú omi, ẹ béèrè èsì ìdánwò bí ilẹ̀ ṣe ń yọ̀ tó, DIN 51097, tó jẹ́ kíláàsì B tàbí C. Nọ́ńbà R tí wọ́n sábà máa ń fi hàn yín jẹ́ ti ẹsẹ̀ oníbàtà lórí epo, kò bá adágún mu.

Ẹ yan àwọ̀ tó mọ́lẹ̀. Àtọwọ́dá tó dúdú lè kọjá dígíríì 60 nínú oòrùn ilẹ̀ olóoru, ọmọdé yóò máa fò sókè lórí rẹ̀. Tíìkì tó ti di eérú náà ń gbóná, ṣùgbọ́n igi kì í tètè gbé ooru rẹ̀ fún ẹsẹ̀.

Alátè
Ní ti PVC, mo fẹ́ fi kún un. Ooru ń nà án púpọ̀. Ègé mítà 10 tí kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan yóò gùn sí i ní nǹkan bí 28 mm bí ooru bá fi dígíríì 40 gòkè. Irin abẹ́ rẹ̀ kò ní gùn tó 5 mm. Àtè nìkan ló ń mú ìyàtọ̀ yẹn dúró, nítorí náà ibi kékeré tí kò bá lẹ̀ yóò wú ní ọ̀sán, yóò sì pẹlẹbẹ ní alẹ́, títí yóò fi ya. Ẹ tú u sílẹ̀ ní ibi iṣẹ́ fún odindi ọjọ́ kan kó sinmi kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Àbàwọ́n náà wà: rọ́bà dúdú ẹsẹ̀ àga ń wọ inú PVC lọ, ọṣẹ kò lè mú un jáde. Ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀ àga sí èyí tí kò ní rọ́bà dúdú kí àga tó padà sórí ilẹ̀ tuntun.

Aláàbò Iná
Báńkóònì ni mo wá sọ, torí wọ́n ti fẹ́ fò ó kọjá. Ní 23 March 2006, iná bẹ̀rẹ̀ lórí báńkóònì ọkọ̀ Star Princess lórí omi Kàríbíà, nígbà tó ń lọ sí Montego Bay ní Jàmáíkà. Ìwádìí ìjọba Bìrìtìkó fi hàn pé ògiri ìpín polycarbonate, táìlì polyurethane tó wà nílẹ̀ báńkóònì àti àga oníke ló gbé iná náà láti báńkóònì dé báńkóònì pẹ̀lú èéfín dúdú. Èrò kan kú nítorí èéfín. Ìlànà SOLAS, àdéhùn àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lórí òkun, lórí báńkóònì yàrá èrò wá yí padà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 July 2008.

Nítorí náà ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí tó bá FTP Code (ìlànà àgbáyé fún fífi iná dán ohun èlò ọkọ̀ wò) mu fún ohun náà gan-an, pẹ̀lú àtè rẹ̀ àti bó ṣe nípọn tó. Ìwé ẹ̀rí ohun 5 mm kò dáàbò bo 8 mm. Ohun tí ẹ bá fi pààrọ̀ nínú ètò náà, àní práímà pàápàá, ẹ bi ẹgbẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò léèrè kí ẹ tó rà á.

Atẹ́dẹ́ẹ̀kì
Ẹ ṣeun gan-an. Èyí yé mi. Bí a bá tẹ́ tíìkì tán, báwo ni àwọn tó ń fọ̀ ọ́ ṣe máa ṣe é kó má tún bàjẹ́? Báwo la sì ṣe máa gbà á lọ́wọ́ yáàdì?

Pákó Gbígbẹ
Omi òkun, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ẹ fọ̀ ọ́ ní ìdábùú ìlà igi, ẹ má fọ̀ ọ́ ní òòró. Kò sí ẹ̀rọ ìfọ́nmi alágbára, kò sí kẹ́míkà alápá méjì, ti sódà àti ti ásíìdì: ó ń sọ igi di ofeefee ní ọjọ́ kan, ó ń jẹ ẹran rẹ̀ àti rọ́bà pẹ̀lú. Ẹ má fi epo pa á. Epo ń mú ìdọ̀tí lẹ̀, ilẹ̀ á dúdú. Bí epo oúnjẹ bá dà sílẹ̀, ẹ da ìyẹ̀fun ẹfun lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kó fà á mu kó tó wọlé. Àwọ̀ eérú kì í ṣe àrùn. Sánpépà kọ̀ọ̀kan ń mú tó 0.5 mm sí 1 mm lọ, nítorí náà ìgbà tí ìlà igi bá ti yọ gan-an ni kí ẹ lò ó. Ẹ máa wọn jíjìn rọ́bà: bó bá ti sún mọ́ 4 mm, ẹ gbẹ́ ojú àlàfo náà jìn sí i, kí ẹ tún un dí.

Irin Abẹ́lẹ̀
Ní ti gbígbà á: ẹ dí ojú ihò omi, ẹ tú omi sí ilẹ̀ títí yóò fi bo gbogbo rẹ̀, kí ẹ ṣí ihò náà. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ yí ibi tí omi bá ṣì dúró sí ká. Ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ojú ihò rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ tuntun lọ. Ohun ìtẹ́jú tí wọ́n fi kún un sábà máa ń gbé ilẹ̀ ga kọjá ihò, adágún kejì á wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ fi òòlù onígi kàn án ní gbogbo ìwọ̀n 30 cm, ẹ kọ ibi tó bá dún ṣófo sórí àwòrán, kí yáàdì tú u kí ọkọ̀ tó padà sómi. Ẹ gba pákó àti garawa tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú nọ́ńbà ìpèsè wọn. Pákó lè dúró nínú àjà ọkọ̀ fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n garawa isocyanate ní ọjọ́ ìparí, ẹ kọ ọjọ́ náà gàdàgbà sí ara rẹ̀.